Wọ́n ní àwọn máa pa Hank Aaron nítorí bọ́ọ̀lù: Àwọn ọjọ́ ìbí tí Alabama ò lè gbàgbé

Àwọn tó ń wo tẹlifíṣàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn rò pé ayọ̀ ló gbé màmá Hank Aaron wọ inú pápá. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni ò ṣe rí nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn 53,775 tó wà ní pápá ìṣeré Atlanta ti dìde dúró, ariwo ń sọ gèè, Estella Aaron sì já wọ àárín àwọn tó ń kí ọmọ rẹ̀, ó dì mọ́ ọn pinpin. Hank sọ lẹ́yìn náà pé òun ò mọ̀ pé màmá òun lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àṣé ọ̀rọ̀ ju ayọ̀ lọ. Àwọn kan ti kọ̀wé sí ọmọ yẹn láìmọye ìgbà pé àwọn máa yìnbọn pa á bó bá fi lè dán an wò. Ìdí nìyẹn tí màmá fi fi ara rẹ̀ bò ó: bí ọta ìbọn kan bá ń bọ̀, ara òun ni kó kọ́kọ́ bà.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, ọdún 1974 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Eré tí wọ́n ń ṣe ni baseball, bọ́ọ̀lù onígi tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn bí àwọn èèyàn níbí ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, kò le rárá. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan, ẹnì kejì á di igi mú láti gbá a. Tó bá gbá a, yóò sáré yí pápá ká, yóò máa tẹ àwọn ibi tí wọ́n sàmì sí, títí tí yóò fi padà síbi tó ti gbéra. Ṣùgbọ́n tó bá gbá bọ́ọ̀lù náà tó fò kọjá ògiri pápá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò tún sáré mọ́, yóò kàn máa yan bọ̀ wálé ni. Èyí ni wọ́n ń pè ní home run. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Babe Ruth, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di òrìṣà, gbá 714 irú ẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1935. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa bá a láéláé.

Nígbà tí ọdún 1973 fi máa parí, Hank Aaron, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Alabama, ti gbá 713. Ẹyọ kan ló kù kó bá Ruth, méjì ló kù kó kọjá ẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yẹn nìkan, nǹkan bíi lẹ́tà 930,000 ló wọlé fún un. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kí i, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bú u pọ̀, àwọn tó ń sọ ọjọ́ àti ibi táwọn máa pa á sí náà sì wà ńbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn máa jí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì Fisk gbé. Òtẹ́ẹ̀lì táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá sùn, òun kì í sùn síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà jáde. Ọlọ́pàá Atlanta kan, Calvin Wardlaw, di òjìji ẹ̀, ìbọn ọkùnrin náà sì wà nínú àpò awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí Hank gbá 715 yẹn, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó méjì kan ṣàdédé já wọ inú pápá tí wọ́n ń sá tẹ̀lé e, Wardlaw wà níbi àwọn òǹwòran tó ń wò wọ́n, ọwọ́ ẹ̀ ti ń lọ síbi àpò. Ọlọ́run ló yọ àwọn ọmọ yẹn. Ọkùnrin náà wò wọ́n dáadáa, ó rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ gbá Hank láti kí i, ó fọwọ́ sílẹ̀.

Jimmy Carter tó jẹ́ gómìnà Georgia nígbà náà wá síbẹ̀. Olórin Sammy Davis náà wá. Ṣé ẹ mọ ẹni tí ò wá? Bowie Kuhn, ọ̀gá pátápátá tó ń darí baseball nílẹ̀ Amẹ́ríkà! Ó ní òun ní òde kan ní Cleveland. Ká tilẹ̀ ní òde ìyàwó ni, ṣebí èèyàn á tọrọ àforíjì. Monte Irvin ló rán láti ṣojú òun, bí Irvin sì ṣe dárúkọ Kuhn báyìí ni gbogbo pápá hó yèè lé e lórí. Irvin yìí, ọmọ Alabama lòun náà. Haleburg ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 1919.

Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Alabama yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń fẹ́ àròjinlẹ̀. Bí èèyàn bá gbé kàlẹ́ńdà tó fi àmì sí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ibẹ̀ tó di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú eré yìí, oṣù díẹ̀ ló máa ṣófo. Ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n sì ti fòfin dè é pé aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ bá òyìnbó ṣeré. Àwọn tó lé jáde lójúlé ni wọ́n ń fi orúkọ wọn yangàn lónìí.

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì, ọdún 1934 ni wọ́n bí Hank nílùú Mobile, ìlú èbúté tó wà ní ìsàlẹ̀ Alabama létí omi. Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ọjọ́ kẹfà oṣù kan náà ni ọjọ́ ìbí Babe Ruth, tí wọ́n bí lọ́dún 1895. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín wọn! Bí wọ́n bá ti ń kó àwo ọjọ́ ìbí Hank kúrò nílẹ̀, ti Ruth ló tún kàn. Bàbá Hank ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí, owó tí wọ́n á fi ra bọ́ọ̀lù ò sí. Igi ìgbálẹ̀ ni Hank fi ń gbá ìdérí ìgò káàkiri àdúgbò Toulminville. Ọwọ́ òdì ló fi ń di igi mú, ọwọ́ òsì lókè, ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Lọ́dún 1952 tó kúrò nílé láti lọ bá ẹgbẹ́ àwọn dúdú kan ṣeré, dọ́là méjì ló wà lápò ẹ̀ àti búrẹ́dì méjì tí màmá ẹ̀ fi nǹkan sí láàárín. Ó gbá 755 kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1976, kò sì sẹ́ni tó kọjá ẹ̀ àfi lọ́dún 2007 tí Barry Bonds ṣe é.

Mobile yìí nìkan, èèyàn márùn-ún ló bọ́ síbẹ̀ láti ibẹ̀, ìyẹn ilé ìrántí àwọn akọni baseball ní Cooperstown. Willie McCovey tí wọ́n bí lọ́jọ́ kẹwàá, oṣù kìíní, ọdún 1938 wà ńbẹ̀, home run 521 ni tiẹ̀. Nítorí Hank ló ṣe wọ nọ́ńbà 44. Billy Williams tí wọ́n bí ní Whistler, ẹ̀gbẹ́ Mobile, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, ọdún kan náà, wà ńbẹ̀. Òun ló di ẹrù ẹ̀ ní Texas lọ́dún 1959 tó padà sílé màmá ẹ̀, tó ní òun ò ṣe mọ́, nítorí ìyà àwọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Buck O'Neil ni wọ́n rán lọ bẹ̀ ẹ́. Ká ní kò gbà ni, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n? Ozzie Smith tí wọ́n bí lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1954 náà wà lára wọn, ṣùgbọ́n ọmọdé ló wà tí wọ́n gbé e lọ sí Los Angeles.

Ẹni karùn-ún ni bàbá gbogbo wọn, Satchel Paige. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí tiẹ̀, ẹ̀rín ni.

Iṣẹ́ ajùbọ́ọ̀lù ni Paige ń ṣe, kò sì sí irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, ìtàn ló máa sọ fún yín. Ó ní inú Bíbélì ni ìwé ìbí òun wà, ewúrẹ́ sì ti jẹ Bíbélì náà! Àwọn agbábọ́ọ̀lù níbí, wọ́n máa ń ní ọjọ́ orí ilé, wọ́n máa ń ní ọjọ́ orí pápá, tí ọ̀kan máa ń kéré sí èkejì. Ti Paige yàtọ̀. Inú ẹ̀ ń dùn bí àwọn èèyàn bá ń fi ọdún kún tiẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n wá rí nígbà tó yá ló là á mọ́lẹ̀ pé ọjọ́ keje, oṣù keje, ọdún 1906 ni wọ́n bí i ní Mobile.

Ìṣẹ́ ló bí i. Ẹrù àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé nígbà tó wà lọ́mọdé, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ ìnagijẹ náà, nítorí àpò ẹrù ni satchel. Ọmọ ọdún 12 ló wà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìgbọràn ní Mount Meigs nítorí ó ń jalè, kì í sì í lọ sílé ìwé. Nǹkan bíi ọdún márùn-ún ló lò ńbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Nígbà tó jáde, kò sí ẹgbẹ́ òyìnbó tó lè gbà á. Àwọn ẹgbẹ́ dúdú ló ń bá kiri, láti Chattanooga dé Birmingham, dé Kansas City. Bó ṣe lo ogún ọdún tó yẹ kó fi jẹ́ ọba nìyẹn.

Lọ́jọ́ keje, oṣù keje, ọdún 1948, ẹgbẹ́ Cleveland ní kó wá fọwọ́ síwèé. Ẹ tún ọjọ́ yẹn wò. Ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 42 gan-an ni! Àwọn akẹgbẹ́ ẹ̀ láyé ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń sanra nílé, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní líìgì ńlá. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ère ìpolówó ni Bill Veeck tó ni ẹgbẹ́ náà fẹ́ fi í ṣe. Paige ò fèsì. Ó borí nínú ìdíje mẹ́fà, ó pàdánù ẹyọ kan, lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ èèyàn tó lé ní 78,000 ló kún pápá Cleveland láti wò ó. Cleveland ló gba ife ńlá ọdún náà. Lọ́dún 1965 tó ti pé ẹni ọdún 59, wọ́n tún gbé e wọ pápá ní Kansas City, wọ́n gbé àga onírọ́kì fún un láti máa fi sinmi bíi bàbá àgbà. Ìpele mẹ́ta ló fi ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan péré ló rí tiẹ̀ gbá dáadáa. Ó kú lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 1982. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ni wọ́n gba Hank Aaron wọ Cooperstown níbi tí Paige ti wà láti ọdún 1971. Nínú àwọn oníròyìn 415 tó dìbò fún ọ̀rọ̀ Hank, àwọn mẹ́sàn-án ò dìbò fún un. Wọn ò tíì sọ ohun tó ṣe wọ́n di ọ̀la.

Kúrò ní Mobile, kó o gòkè lọ sí Birmingham, wàá bá ọjọ́ ìrántí mìíràn. Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1910 ni wọ́n ṣí pápá Rickwood, pápá iṣẹ́ baseball tó pẹ́ jù lọ tó ṣì dúró nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ Rick Woodward tó kọ́ ọ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹgbẹ́ òyìnbó Birmingham Barons ló ni ín, ẹgbẹ́ dúdú Black Barons á wá háyà ẹ̀ nígbà táwọn yẹn ò bá sí nílé. Lọ́dún 1930, ìlú Birmingham fòfin dè é pé òyìnbó àti dúdú ò gbọdọ̀ jọ ta káàdì, wọn ò gbọdọ̀ jọ ta ayò dírọ́ọ̀fù. Dírọ́ọ̀fù o! Nígbà tó yá, wọ́n fi baseball kún un.

Inú pápá yẹn ni Willie Mays ti bẹ̀rẹ̀. Westfield, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birmingham, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, ọdún 1931. Ilé ìwé ló ṣì wà lọ́dún 1948 tó ti ń bá àwọn Black Barons ṣeré. Ó tẹ̀síwájú lọ sí New York, ó gbá home run 660, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé kò sẹ́ni tó mọ eré náà ṣe ní gbogbo ọ̀nà bíi tiẹ̀. Wọ́n wá ṣètò pé lọ́jọ́ ogún, oṣù kẹfà, ọdún 2024, líìgì ńlá yóò wá ṣeré ní Rickwood fún ìgbà àkọ́kọ́, láti fi bu ọlá fún Mays àti àwọn ẹgbẹ́ dúdú ayé ijọ́sí. Gbogbo nǹkan ti tò. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, tó ku ọjọ́ méjì, Mays kú, ẹni ọdún 93. Àwọn ẹgbẹ́ kékeré kan ń ṣeré lọ́wọ́ ní Rickwood nírọ̀lẹ́ yẹn nígbà tí ìròyìn náà dé, gbogbo òǹwòran dìde. Ọlá tí wọ́n fẹ́ fi dá a lọ́lá di ìsìnkú.

Wọ́n ṣeré ọ̀hún náà, St. Louis na San Francisco ní 6 sí 5. Ṣùgbọ́n ohun táwọn èèyàn ń sọ lọ́jọ́ kejì kì í ṣe eré. Reggie Jackson ni wọ́n bi léèrè lórí tẹlifíṣàn bó ṣe rí lára ẹ̀ láti padà sí Birmingham tó ti ṣeré lọ́dún 1967. Wọ́n retí pé á rẹ́rìn-ín, á kí wọn. Ọkùnrin náà tú ohun tó wà níkùn ẹ̀ síta. Ó sọ nípa ilé oúnjẹ tí wọ́n ti lé e jáde, òtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò gbà á sí, ilé àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ òyìnbó tó ń sùn, tí wọ́n sì ń halẹ̀ pé àwọn máa sun ilé náà níná nítorí ẹ̀. Ó ní òun ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí irú ẹ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó tì í dákẹ́ ni.

Èyí tó kan ọmọ Yorùbá gan-an ló kù. Ó tún padà sí Mobile.

Lọ́dún 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú, ọlọ́rọ̀ kan ní Mobile, Timothy Meaher, ta ọ̀pá pé òun á kó ẹrú wọlé kò sì sẹ́ni tó máa mú òun. Ọkọ̀ Clotilda ló rán lọ sí èbúté Ouidah ní Dahomey. Èèyàn tó tó 110 ló kó wọ Mobile nínú oṣù keje, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú. Ọdún 2019 ni wọ́n tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ti rí àfọ́kù ẹ̀ nínú odò. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó, ọmọ Yorùbá ni. Kossola tí òyìnbó sọ di Cudjo Lewis, agbègbè Bantè tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí ló ti wá. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló mú un. Ọmọdébìnrin kan wà lára wọn tó ń jẹ́ Àbákẹ́. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1865, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ ò ká a. Wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ Meaher, ó kọ̀. Wọ́n wá ń tu owó jọ, wọ́n rà á, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó. Africatown lorúkọ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi bí Hank Aaron lọ́dún 1934, Kossola ṣì wà láàyè ní Africatown, ní Mobile kan náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú.

Ní Africatown yẹn ni wọ́n ti bí Cleon Jones lọ́jọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, ọdún 1942. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kẹsàn-án, ni wọ́n bí Tommie Agee ní abúlé Magnolia, kí wọ́n tó gbé e wá sí Mobile. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwé Mobile County Training School tó wà láàárín Africatown, níbi tí Billy Williams náà ti kàwé. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, àfi bí ìbejì. Ta ló máa gbà pé lọ́dún 1969 wọ́n tún máa jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, New York Mets?

Mets ìgbà náà, ẹlẹ́yà ni. Ìdíje 120 ni wọ́n pàdánù lọ́dún 1962 tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1969 yẹn, àwọn ọmọ Mobile méjì yìí gbé wọn dìde. Nínú ìdíje kẹta ìparí, Agee gbá home run, ó tún sáré gba bọ́ọ̀lù méjì tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti lọ. Nínú ìdíje karùn-ún, lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, bọ́ọ̀lù kan ba Jones lẹ́sẹ̀, ìyẹn tó túmọ̀ sí pé ó yẹ kó gba àyè ọ̀fẹ́. Adájọ́ eré ní kò bà á. Ọ̀gá wọn, Gil Hodges, mú bọ́ọ̀lù náà jáde, ó fi han adájọ́: pólíìṣì bàtà Jones ló wà lára bọ́ọ̀lù yẹn! Ó di dandan kí wọ́n gbà. Donn Clendenon tó tẹ̀ lé e sì gbá home run, àwọn méjèèjì jọ wọlé. Nígbà tí eré fẹ́ parí, bọ́ọ̀lù ìkẹyìn fò lọ sápá òsì, Jones dúró sábẹ́ ẹ̀, ó gbá a mú, ó kúnlẹ̀. Mets ti gba ife.

Ìsìnmi dé bá Agee lọ́jọ́ kejìlélógún, oṣù kìíní, ọdún 2001. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kejìlélógún, oṣù kìíní, ọdún 2021, Hank Aaron náà lọ, ẹni ọdún 86. Ọjọ́ kan náà gẹ́lẹ́. Hank tọ́jú àwọn lẹ́tà burúkú yẹn síbi tó ga nínú ilé ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní kí òun má baà gbàgbé.

Ní ti Jones, bí eré ti tán, Africatown ló padà sí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti rọ̀gbà yí ìlú náà ká, ọ̀pọ̀ ti kó lọ, òrùlé ń jò, ilé ń wó. Òun àtìyàwó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé àwọn arúgbó ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tó gbá mú lọ́dún 1969 sì ni wọ́n fi sọ orúkọ ẹ̀.